Àwọn Ẹyẹ Tó Dorí Kodò

Wọ́n ti fi aṣọ dúdú bo gbogbo fèrèsé gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ọ̀sán ń mú ganrínganrín lórí Àkúrẹ́. Inú òkùnkùn tí wọ́n fọwọ́ dá yìí ni Ìyanuolúwa jókòó sí láàárín àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, tó di etí àga mú. Lára ògiri níwájú wọn, ọmọbìnrin kan ń rìn nínú ìlú tí kò sí irú rẹ̀ láyé. Ní ìlú náà, òjìji ló ń dúró, òjìji ló ń rìn, òjìji ló ń nájà. Àwọn ènìyàn ni wọ́n ń wọ́ tẹ̀lé wọn nílẹ̀, pẹlẹbẹ bí ewé tí mọ́tò tẹ̀. Odò ibẹ̀ ń ṣàn lọ sókè bí èéfín. Òjò ń ti inú ilẹ̀ rọ lọ sójú ọ̀run. Bí òjìji kan bá la ẹnu rẹ́rìn-ín, ìràwọ̀ ló kún inú ẹnu rẹ̀.

Ìyanu kò rí ohun tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Kò sì rí ohun tó bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀.

Àrìnọlá ni orúkọ ọmọbìnrin inú fíìmù náà. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, bíi ti Ìyanu gan-an. Òjìji ló jí àbúrò rẹ̀ gbé, ó sì wá a lọ sí ìlú wọn. Ọ̀gbẹ́ni Akíntóyè, olùkọ́ lítíréṣọ̀, ti kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n lajú wò ó dáadáa, nítorí fíìmù yìí ni wọn yóò fi ṣe ìdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní ìlú Oǹdó. Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò dúró níwájú àwọn adájọ́, tí yóò sọ ohun tó rí nínú rẹ̀ àti ọgbọ́n tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, Àrìnọlá já àbúrò rẹ̀ gbà. Àwọn méjèèjì sáré gba ẹnu ọ̀nà kan kọjá, ìmọ́lẹ̀ sì tàn. Ilé wọn nìyí. Ìyá wọn la apá sílẹ̀, oúnjẹ ń rú èéfín lórí tábìlì. Gbọ̀ngàn bú sí àtẹ́wọ́. Fọlárìn, tó jókòó ti Ìyanu, fi ìka sẹ́nu ó súfèé.

Ìyanu náà gbé ọwọ́ sókè láti pàtẹ́wọ́, ọwọ́ náà kò sì pàdé. Ó ti rí aṣọ Àrìnọlá. Àwọn ẹyẹ wà lára aṣọ náà. Nígbà tí ọmọ yìí kúrò nílé, orí ẹ̀ka ni àwọn ẹyẹ náà dúró sí, wọ́n gbórí sókè. Bó ti wọ ìlú òjìji, gbogbo wọn dorí kodò. Nísinsìnyí tó wà láyà ìyá rẹ̀, wọ́n ṣì dorí kodò.

Kì í ṣe ilé ni wọ́n dé. Obìnrin tó dì mọ́ wọn yìí kì í ṣe ìyá wọn.

Ara Ìyanu bu gììrì. Ó ti orí bọ àárín orúnkún, ó dijú, ó fi ìka di etí. Àtẹ́wọ́ ń lọ, ẹnìkan fa aṣọ fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́, oòrùn sì ya wọlé. Ibi tó kó ara jọ sí náà ni wọ́n bá a.

"Ẹ má dí i lọ́wọ́ o," ni Fọlárìn wí. "Ìyanu ń gbàdúrà fún wa."

Ẹ̀rín náà bá a dé ẹnu géètì.

Kò sí ẹni tó mọ ìdí tí ẹyẹ ara aṣọ fi lè já ọmọ ènìyàn láyà tó bẹ́ẹ̀, àfi ìyá rẹ̀. Aránṣọ ni ìyá Ìyanu, Ọjà Ọba ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ní ọdún tí bàbá Ìyanu wà lórí àìsàn, ìyá yìí a máa ṣọ́ ọ ní ọsìbítù mọ́jú, a sì máa ránṣọ lójúmọmọ. Oníbàárà kan gbé àǹkárá ẹlẹ́yẹ wá fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Oorun wà lójú ìyá. Dípò kó ṣẹ́ aṣọ náà po ní gígùn, ó mú ìdí rẹ̀ wá bá orí rẹ̀, ó fi sísọ́ọ̀sì sí i. Bó ti rán an tán ló tó rí i: ẹyẹ ẹ̀yìn dúró dáadáa, ti iwájú dorí kodò. Oníbàárà gbé aṣọ náà sókè lójú gbogbo ọjà, ó ní ọmọ òun kò ní wọ aṣọ ẹni tó ń ṣubú lọ sí ilé Olúwa. Ìyá Ìyanu ní láti ta aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀ kí wọ́n tó rí òmíràn rọ́pò.

Wọn kò sọ èyí tó bàjẹ́ nù. Wọ́n dín in fún Ìyanu. Òun ló ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi gbogbo, tí àwọn ọmọdé ń bi í bóyá àwọn ẹyẹ rẹ̀ ti kú. Òun náà ló wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wá pè wọ́n ní ọsìbítù pé bàbá ti lọ. Láti ìgbà náà, kò sí aṣọ tí Ìyanu rí tí kì í kọ́kọ́ wo ibi tí orí àwòrán ara rẹ̀ kọ sí.

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Akíntóyè dúró níwájú kíláàsì, ó ní Ìyanuolúwa ni yóò lọ sí Oǹdó, nítorí kò sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ kọ bíi tirẹ̀. Ó yẹ kí Ìyanu sọ níbẹ̀ pé òun kò rí òpin fíìmù náà. Ó yẹ kó bẹ olùkọ́ kó jẹ́ kí òun tún un wò. Ṣùgbọ́n bó bá tún un wò, yóò tún rí obìnrin yẹn. Bó bá sì sọ̀rọ̀, ẹ̀rín àná yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ó gbà láti lọ.

Fọlárìn ló bá a wá ojútùú. Ó fa fóònù yọ, ó tẹ ìbéèrè sí i, kí Ìyanu sì tó sẹ́jú, fóònù ti da àròkọ kan sílẹ̀ tó kún fún ọ̀rọ̀ gígùn-gígùn. Àròkọ náà ní Àrìnọlá padà délé, ayọ̀ sì gba ilé kan.

"Ṣé o rí òpin rẹ̀ fúnra rẹ?" ni Ìyanu bi í. "Ṣé ilé ni wọ́n dé lóòótọ́?"

"Ta ló ń wo òpin? Gbogbo wa ti ń pàtẹ́wọ́. Ilé ni wọ́n dé jàre. Ìwọ ṣáà há a sórí."

Ìyanu bẹ̀rẹ̀ sí í há a sórí. Lójoojúmọ́, bó bá dé láti ilé-ẹ̀kọ́, a jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, a máa kà á jẹ́jẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, ó tẹ́tí.

"Ọ̀rọ̀ yìí kò jọ ẹnu rẹ," ló wí. "Ojú ta ni o fi wo ohun tí ò ń sọ yìí? Ojú olójú kò jọ ojú ẹni o."

Ìyanu ní tòun ni, mà. Bí wọ́n ti ń darí lọ sílé, oòrùn wà lẹ́yìn wọn, òjìji Ìyanu gùn gbọọrọ síwájú rẹ̀ lórí títì. Ó dà bí ẹni pé òjìji náà ló ń fà á lọ. Ó yà sẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń rìn nínú òjìji tìyẹn títí wọ́n fi wọ kẹ̀kẹ́.

Ọjọ́ ìdíje pé. Ọ̀gbẹ́ni Akíntóyè, Ìyanu àti Fọlárìn tó fẹ́ wòran wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Oǹdó. Àwọn àgbẹ̀ sá kòkó sẹ́bàá ọ̀nà, òórùn rẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé, ṣùgbọ́n Ìyanu ń ka àròkọ náà, kò gbé orí sókè. Gbọ̀ngàn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ni wọ́n lò. Màmá Agnes Akínbọ̀wálé, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ni olórí àwọn adájọ́.

Ọmọbìnrin kan láti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ló ṣíwájú Ìyanu. Ó gun orí pèpéle, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní: "Nínú iṣẹ́ ọnà aláwọ̀ mèremère yìí, a rí i kedere pé ìmọ́lẹ̀ ni í borí òkùnkùn nígbà gbogbo."

Gbólóhùn àkọ́kọ́ tí Ìyanu há sórí nìyẹn. Gbólóhùn kejì tún tẹ̀ lé e, bákan náà. Ààrò kan náà ni òun àti ọmọbìnrin náà ti lọ bu iná. Ó ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn nínú orí rẹ̀, kò rí. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó gun orí pèpéle. Ó la ẹnu, ohun tó ti há sórí nìkan ló sì jáde: "Nínú iṣẹ́ ọnà aláwọ̀ mèremère yìí..."

Ẹ̀rín bú ní gbọ̀ngàn. Màmá Agnes gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró, ọmọ mi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ eléyìí tán ni. Ta ló kọ́ ọ?"

Ìyanu wo ìsàlẹ̀. Fọlárìn ń fi ètè sọ̀rọ̀ láìjẹ́ kó dún: sọ pé tíṣà ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Akíntóyè dorí kodò. Ojú kan náà ni Ìyanu fi rí i, bó ti rí àwọn ẹyẹ. Bí òun bá pa irọ́ yìí, kì í ṣe ilé ni òun yóò padà sí.

"Fóònù ni, mà," ló wí. "Tíṣà wa kò mọ̀ sí i. Èmi kò wo òpin fíìmù náà rárá. Ẹ̀rù bà mí, mo dijú."

Ẹ̀rín tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Màmá Agnes wo gbọ̀ngàn yíká, ẹ̀rín náà sì rọlẹ̀.

"Ibo ni ẹ̀rù ti bà ọ́?"

"Ibi tí wọ́n délé, mà."

"Ibi tí gbogbo èèyàn ń pàtẹ́wọ́ sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àwọn ẹyẹ ara aṣọ rẹ̀ ṣì dorí kodò."

Ó wá sọ ọ́ fún wọn, pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀: bí àwọn ẹyẹ ti rí nígbà tí ọmọ náà kúrò nílé àti bí wọ́n ti yí padà. Ó sọ bí ìyá òun ti ṣẹ́ aṣọ po lódìkejì lọ́dún tí bàbá òun kú. Nígbà tó ṣe tán, Màmá Agnes ti gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní kí wọ́n bo fèrèsé, kí wọ́n tún fi apá ibẹ̀ nínú fíìmù náà hàn.

Ìmọ́lẹ̀ tàn lára ògiri. Ìyá la apá sílẹ̀. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Gbogbo ojú lọ sí ara aṣọ náà, ìpayà sì mú gbọ̀ngàn. Ọwọ́ Ìyanu fẹ́ lọ sójú, ó sì fà á wálẹ̀. Ó lajú. Ó rí ohun tó sá fún. Láyà obìnrin náà, Àrìnọlá rọra wo aṣọ ara rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú gírígírí, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ògiri ṣú.

"Ó mọ̀," ni Ìyanu wí jẹ́jẹ́.

Màmá Agnes sọ fún un pé ohun tó sọ gbẹ̀yìn, òun kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, òfin ìdíje sì ni òfin. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ àti ti ọmọbìnrin tó ṣíwájú rẹ̀ kúrò. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sí Àkúrẹ́ lọ́wọ́ òfo. Bí bọ́ọ̀sì ti wọ ìlú, Ọ̀gbẹ́ni Akíntóyè ní, "Bí o bá ti sọ fún mi pé ẹ̀rù bà ọ́, à bá jọ jókòó wò ó." Ọ̀rọ̀ yìí dun Ìyanu ju ẹ̀rín gbọ̀ngàn lọ.

Ó bá ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá kò bá a wí. Ó tẹ́ aṣọ tuntun kan sórí tábìlì, ó na sísọ́ọ̀sì sí i.

"Wo ibi tí orí wọn kọ sí kí o tó gé e," ló wí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sí ìtìjú nínú ìbẹ̀rù. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ti rí nǹkan. Ìgbà tó bá dijú tirẹ̀, tó lọ yá ojú olójú lò, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò dorí kodò níwájú gbogbo ènìyàn. Ìyanu tẹ aṣọ náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìṣẹ́jú, kó tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án.