Ẹsẹ̀ Tí Kò Dùn Ún

Bàbá kan dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n pépà funfun tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀ kò rún. Dókítà Orúnkún wò ó, ó tún un wò, ó sì fọwọ́ nu ojú. Ẹni tó bá kàwé títí ojú rẹ̀ fi pọ́n, kí ni kò ní rí? Bó ṣe tu ara rẹ̀ nínú nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ránṣọ ló fún ọmọbìnrin yìí ní orúkọ ìnagijẹ yẹn. Iṣẹ́ fisió ló kọ́, iṣẹ́ àwọn tí ń fi ọwọ́ àti eré ìmárale dá aláìlera padà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá yege ìdánwò ìwé-àṣẹ kò lè pe ara rẹ̀ ní oníṣẹ́. Ó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá tún fìdí rẹmi lọ́tẹ̀ yìí, ilẹ̀kùn ti tì nìyẹn.

"Bó bá bọ́, wá bá mi ránṣọ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń wí. "Abẹ́rẹ́ kì í bèèrè ìwé-àṣẹ." Òun náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọ̀hún kì í dénú.

Ọ̀gá kan nílé ìwòsàn ló gbà á láyè kó máa fi yàrá eré ìmárale wọn múra sílẹ̀ nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá lọ jẹun ọ̀sán. Ibẹ̀ ni bàbá náà ti ń wá bá a. Ó ní orúnkún ọ̀tún ń dun òun. Ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ló ń wọ̀, pupa, ní ẹsẹ̀ òsì, tí wọ́n fi òwú búlúù dí ihò gìgísẹ̀ rẹ̀. Dókítà Orúnkún rò pé ọ̀gá ló rán an wá kí òun lè rí ara èèyàn fi kọ́ṣẹ́.

Bí bàbá bá ti jókòó báyìí, Dókítà Orúnkún á ti di orúnkún ọ̀tún mú. Bàbá á sì rọra gbá a lọ́wọ́.

"Èyí tí kò dùn mí ńkọ́?"

"Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ ní kò dùn yín."

"Mo wí bẹ́ẹ̀. Ìwọ ńkọ́, kí lo rí?" Ohùn rẹ̀ kéré, bíi ti ẹni tí kò fẹ́ kí yàrá kejì gbọ́. "Ẹ máa ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá."

Òótọ́ ló sọ. Ẹsẹ̀ tí kò dunni ni àwọn oníṣẹ́ yìí ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ bí èyí tó ń dunni ṣe yàtọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n àánú ẹni tó ń jẹ̀rora ló máa ń gbé Dókítà Orúnkún sáré débi ìrora, òun náà ló sì gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ó wá gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀ òsì. Òtútù ibẹ̀ la ìbọ̀sẹ̀ kọjá, bí òtútù ilẹ̀ tí oòrùn kì í dé.

"O ti ń mọ̀ ọ́n," ni bàbá wí. Ó dìde, ó jáde, ilẹ̀kùn kò sì dún. Ọjọ́ yẹn gan-an ni pépà kò rún. Kò tún wá mọ́ títí ìdánwò fi dé.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ìyá àgbàlagbà kan ni wọ́n ní kó tọ́jú. Orúnkún ọ̀tún ló ń dùn ún. Ọwọ́ Dókítà Orúnkún ti ń lọ síbẹ̀ nígbà tí ẹnì kan rọra gbá a lọ́wọ́. Olùdánwò jìnnà sí i, ìyá náà sì káwọ́ lé àyà.

"Mà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo èyí tí kò dùn yín."

Ẹran ẹ̀yìn ojúgun òsì wú ju tọ̀tún lọ, ó sì gbóná. Bó ṣe rọra tẹ̀ ẹ́, ìyá náà fajú ro.

"Ṣé ó ti pẹ́ tó ti wú báyìí, mà?"

"Wíwú kẹ̀? Mo rò pé àárẹ̀ ọkọ̀ ni. Àná ni mo ti ọ̀nà jíjìn dé."

Dókítà Orúnkún kó ọwọ́ kúrò, ó kọjú sí olùdánwò. "Mi ò ní lè ṣe eré ìmárale kankan fún wọn. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú ẹsẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe dókítà."

"Bí o bá dáwọ́ dúró, o mọ ohun tó lè yọrí sí," ni olùdánwò wí.

"Mo mọ̀ ọ́n, mà. Ẹ ṣáà pe dókítà."

Wọ́n pè é. Ẹ̀jẹ̀ ti dì lóòótọ́. Dókítà ní ká ní wọ́n fi eré ìmárale yọ ẹsẹ̀ náà lẹ́nu ni, ẹ̀jẹ̀ tó dì náà lè ṣí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kó sì di ọ̀rọ̀ òkú. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, Dókítà Orúnkún ti yege. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ju aṣọ tó ń rán sílẹ̀, ó dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì sì sunkún ayọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí wá, ó sùn bí ọmọ tuntun.

Nígbà tí ara ìyá náà yá, ó wá kí i nínú yàrá eré ìmárale, ó ń fi ọ̀pá rìn.

"Ta ló kọ́ ọ pé kó o kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ tí kò dùn mí?"

Dókítà Orúnkún ṣàpèjúwe bàbá náà fún un, orúnkún rẹ̀, ohùn rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀.

"Òwú búlúù ní gìgísẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Èmi ni mo fi òwú yẹn dí i. Bàbá mi ni. Yàrá yìí ni wọ́n ti ń tọ́jú orúnkún rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó dì sí ẹsẹ̀ kejì ló sì pa á." Ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀. "Ìbọ̀sẹ̀ tó fẹ́ràn jù nìyẹn. A wá èkejì rẹ̀ tì. Òun nìkan la wọ̀ fún un tá a fi sin ín."

Nígbà tí ìyá náà lọ, Dókítà Orúnkún tẹ́ pépà tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà á, ó sì bà á díẹ̀, ṣùgbọ́n ìtura ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣeun," ó wí jẹ́jẹ́. "Ara ọmọ yín ti yá."

Ó yíjú láti pa fèrèsé dé, ló bá gbọ́ tí pépà dún lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti rún, níbi tí gìgísẹ̀ òsì máa ń wà. Ó gbé ọwọ́ lé e. Ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́.