Wàrà Tó Wà Nínú Àpótí Olókè

Àárọ̀ ọjọ́ tí ibà dá Olókè wó ni wàrà inú àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

Mùtàlíbù ló rí i, torí òórùn ló pè é dé ìdí àpótí náà. Òun ni kúùkù Olókè, òyìnbó tó ń gbé ilé onípákó lẹ́yìn tẹ́ṣàn rélùwéè ní Ìfọ̀, ọdún díẹ̀ kí a tó gba òmìnira. Iṣẹ́ òyìnbó náà ni kó máa gbẹ́ ilẹ̀ kiri, kó máa wá òkúta funfun tí wọ́n ń lọ̀ di sìmẹ́ǹtì. Olókè ni gbogbo ìlú ń pè é, torí kò lè sọ̀rọ̀ títí kó má fi òkè ìlú wọn sí i: òkè tí yìnyín kì í kúrò lórí rẹ̀, tí màlúù ń gùn lọ jẹko, tí wọ́n ń gbin àjàrà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń gbin nǹkan sára ògiri.

Mùtàlíbù ti mọ oúnjẹ òkè náà sè. Ẹran màlúù tí wọ́n fi iyọ̀ pa, tí atẹ́gùn fẹ́ gbẹ, ó mọ̀ ọ́n gé pẹlẹbẹ bíi kílíṣí. Wàrà wọn tó le, tí kò jọ wàrà àwọn Fúlàní rárá, yóò gbé e sún mọ́ ẹ̀yinná títí yóò fi máa yọ́, yóò wá fi ọ̀bẹ ha á sórí iṣu sísè, torí pé ànàmọ́ òyìnbó ṣọ̀wọ́n ní Ìfọ̀. Wáìnì nìkan ni kì í fọwọ́ kàn. Mùsùlùmí ni. Olókè fúnra rẹ̀ ló máa ń bu tirẹ̀, kò sì fi ṣe ìjà rí.

Àmọ́ wàrà inú àpótí yìí yàtọ̀. Ó dúdú, ó rí roboto bí ọlọ, wọ́n fi aṣọ funfun dì í. Ìgò wáìnì kan tí wọ́n fi ìda dí lẹ́nu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí Mùtàlíbù kọ́kọ́ rí i, Olókè di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mùtá, ohun gbogbo nínú ilé yìí, gé e. Èyí, rárá. Àkókò rẹ̀ kò tíì tó."

"Ìgbà wo ni àkókò rẹ̀, ọ̀gá?"

Olókè rẹ́rìn-ín, ó ti àpótí pa. Mùtàlíbù kò bi í mọ́. Títí tó fi darúgbó, ohun tó ń dùn ún jù nìyẹn, pé òun kò bi í mọ́.

Ibà náà kò gbọ́ abẹ́rẹ́. Dírẹ́sà ọsibítù wá, ó gún un, ó lọ, ara òyìnbó náà tún gbóná ju ti àná. Mùtàlíbù ń fi omi nù ún lójú, ó ń gbọ́ bó ṣe ń sọ èdè wọn wúyẹ́wúyẹ́ bí ọmọ tó ń pe ìyá rẹ̀. Ọkùnrin yìí ló fi mọ́tò gbé ìyàwó Mùtàlíbù lọ sí Abẹ́òkúta nígbà tí ìrọbí dì í mú, tí ìyá àtọmọ fi yè. Mùtàlíbù kò fẹ́ kó kú mọ́ òun lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, oorun gbé e lọ lórí ẹní. Ó rí obìnrin arúgbó kan lójú fèrèsé ilé ìdáná, aṣọ dúdú lọ́rùn rẹ̀, ó so ìborùn dúdú pa sábẹ́ àgbọ̀n bí obìnrin ilẹ̀ wa kì í ti í so ó. Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn na ọwọ́ wọlé, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni tó ń dúró de ìpín tirẹ̀.

"Òkú ló ń tọrọ oúnjẹ yẹn," ìyàwó rẹ̀ sọ nígbà tó rọ́ àlá náà fún un. "Ọ̀gá yín ló wá mú. Ẹ tètè ṣe sàráà fún ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ má sì lọ fi mọ́sà lásán ṣe é o, bàbá ọmọ mi. Ohun tó ń ṣìkẹ́ jù ni kẹ́ ẹ mú jáde."

Mùtàlíbù mọ ohun tí Olókè ń ṣìkẹ́ jù.

Ó gé e ní ọ̀sán gangan, ní ẹ̀yìnkùlé, fún àwọn ará àdúgbò tó pè wá jẹ sàráà. Ààfáà Nọ́fíù tó jẹ́ aṣáájú àdúrà wọn gbóòórùn rẹ̀, ó fà sẹ́yìn.

"Mùtàlíbù, ṣé kò sí ẹlẹ́dẹ̀ nínú nǹkan yìí?"

"Wàrà màlúù ni, Ààfáà."

"Màlúù tó ti kú lọ́dún tó kọjá?"

Wúlẹ̀mọ̀tù alákàrà di imú. "Kúùkù, jẹ́wọ́! Ìbọ̀sẹ̀ òyìnbó rẹ lo bọ̀ síbẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà á, wọ́n jẹ ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ni ẹ̀rín ń wọlẹ̀. Àwọn ọmọdé dákẹ́. Wúlẹ̀mọ̀tù, tẹ́nu rẹ̀ kì í sinmi, ń fi etí aṣọ nu omijé, kò sì mọ ìdí tó fi ń sunkún. Ààfáà gbé ọwọ́ sókè.

"Ọlọ́run, forí jì í. Jẹ́ kí ibojì rẹ̀ gbòòrò, fi Àlùjáńnà ṣe ilé rẹ̀..."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Àṣìsọ ni," ó sọ jẹ́jẹ́. "Ẹ̀mí gígùn ni mo fẹ́ tọrọ."

Mùtàlíbù wọ ilé ìdáná lọ kó èyí tó kù. Ó ń fi ọ̀bẹ ha ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọwọ́ kan gba ojú fèrèsé wọlé, ọwọ́ àgbà, gbogbo rẹ̀ hunjọ. Ó rò pé ará àdúgbò ni, kò gbójú sókè, ó gbé ìpín lé e. Ọwọ́ náà tutù débi pé ìka Mùtàlíbù kú tipiri. Ìgbà tó yọjú síta, kò sẹ́ni kankan. Ojú ẹsẹ̀ méjì ló rí nínú eruku ọyẹ́, omi kún inú wọn.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ibà náà lọ. Olókè dìde, ara rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ dá. Mùtàlíbù dọ̀bálẹ̀, ó ń dúpẹ́, ó ń yọ̀.

"Ọ̀gá, sàráà ló gbà! Wàrà inú àpótí ni mo gé fún ẹ̀mí yín. Ẹ má bínú."

Olókè wo àpótí náà.

"Ṣé wọ́n jẹ ẹ́ tán?"

"Wọ́n jẹ ẹ́ tán, ọ̀gá."

"Ṣé ẹnikẹ́ni sunkún?"

Mùtàlíbù dárúkọ Wúlẹ̀mọ̀tù. Olókè fa àpótí jáde, ó mú fọ́tò kan lábẹ́ aṣọ funfun náà. Obìnrin ojú fèrèsé ni, ìborùn dúdú, tó so pa sábẹ́ àgbọ̀n.

"Ìyá mi. Ọjọ́ tó bí mi ló ṣe wàrà yẹn. Ní òkè wa, kálukú ló ní tirẹ̀. Ọjọ́ tí a bá sin ín ni wọ́n ń gé e. Àwọn tó sin ín á jẹ ẹ́, wọ́n á mu wáìnì yìí lé e, òkú á wá lè máa lọ." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mùtá, o ti ṣe òkú mi."

Olókè fọ́ ìda ẹnu ìgò, ó bu ife méjì, ó ti ọ̀kan sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ó ku wáìnì. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ mu ún fún mi."

"Ọ̀gá... ẹ̀sìn mi..."

"Mo mọ̀. Mo kàn bi ọ́ ni."

Ó gbé ife náà sójú fèrèsé. Wọ́n pe ìrun mọ̀gáríbì, Mùtàlíbù sì sá lọ kírun bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀. Nígbà tó padà dé, Olókè ti kú sórí àga, ojú rẹ̀ kọ sí fèrèsé bí ẹni tó ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹlòmíì. Ife ọwọ́ rẹ̀ ṣì kún. Ife ojú fèrèsé ti gbẹ, ara rẹ̀ sì tutù nini.

Ní ọjọ́ tí wọ́n sin ín, àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ parí iṣẹ́, wọn kò lọ. Wọ́n dúró yíká, wọ́n ń wo Mùtàlíbù, àwọn fúnra wọn kò mọ ohun tí wọ́n ń dúró dè. Kò ní nǹkan kan láti fún wọn.

Ìyàwó rẹ̀ ń sọ fún un títí obìnrin náà fi kú pé kò jẹ̀bi, pé ìyá Olókè ti mu wáìnì náà fún un. Mùtàlíbù kò rí i bẹ́ẹ̀. Òun ni ọkùnrin náà bẹ̀. Nítorí náà, bí ọyẹ́ bá ti dé, lọ́dọọdún, á bu omi sínú ife lójú alẹ́, á gbé e sójú fèrèsé, torí omi ni agbára rẹ̀ mọ. Ilẹ̀ á mọ́, ife náà á ṣì kún dẹ́nu. Kò sẹ́ni tó mu ún. Ṣùgbọ́n bó bá dà á dé, kì í dà, torí omi náà á ti dì bí òkúta, ní Ìfọ̀ níbí, nínú ilé tí kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń mú omi dì.