Àpò Kan Tó Kù Nínú Yìnyín

Bí mo bá pe ọmọ mi ní Àbẹ̀kẹ́, kì í dáhùn mọ́. Ìbíyẹmí mi, tí oríkì yìí máa ń pa lẹ́rìn-ín nínú ìrora, ń wò mí báyìí bí ẹni pé ọmọ aládùúgbò ni mò ń pè.

Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a jà láti kékeré. Èmi àti bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé la jọ fi í jogún fún un, láìmọ̀. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n mú un wọ ètò ìtọ́jú kan nílùú òyìnbó. Wọ́n fa sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ìyá tó ń bí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n fi kòkòrò àrùn kan tí wọ́n ti yọ oró rẹ̀ gbé ohun àjogúnbá tó pé wọnú wọn, wọ́n sì dá wọn padà sí i lára. Àpò sẹ́ẹ̀lì kan tí wọn kò tún ṣe, wọ́n fi í sínú yìnyín. Bí tuntun bá kọ̀, wọ́n á dá ti àtijọ́ padà.

Tuntun kò kọ̀. Látìgbà tí a ti padà sí Ìpòtì, eegun kan kò dùn ún. Mo jó ní ṣọ́ọ̀ṣì títí gèlè fi bọ́ lórí mi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, n kì í gba ìsọkúsọ gbọ́.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, a ń sá kòkó níwájú ilé. Mo pè é, "Àbẹ̀kẹ́!" Kò gbójú sókè. Ohùn rẹ̀ ló dáhùn lẹ́yìn ògiri.

"Màámi, òtútù ń pa mí o. Ẹ jẹ́ n wọ ulé."

Mo sáré débẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni, àmọ́ koríko ibẹ̀ tutù nini nínú oòrùn.

Fóònù mi dún. Joy ni, nọ́ọ̀sì ọmọ Ìjerò tó tọ́jú wa lọ́hùn-ún.

"Mọ́mì, ara ọmọ yín ti gba sẹ́ẹ̀lì tuntun pátápátá. Àpò àtijọ́ nìyí níwájú mi. Ṣé ká dà á nù?"

Ìbíyẹmí ti dúró tì mí. Etí mi nìkan ni fóònù wà.

"Ẹ ní kí wọ́n dà á nù," ó rọra sọ.

"Màámi!" ni ohùn kejì ké, láti ibi tí n kò rí.

Mo wo ọmọ tó dúró ṣánṣán, tí ẹyinjú rẹ̀ mọ́. Mo rántí bó ṣe máa ń fi eyín fa ìrọ̀rí ya. Ẹ̀rù àìsàn yẹn bà mí ju ohunkóhun lọ.

"Ẹ dà á nù," ni mo wí.

Igbe tó tẹ̀ lé e, mo mọ̀ ọ́n. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbé igbe yẹn mọ́ àyà. Ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́.

Ìbíyẹmí wá kúnlẹ̀ sórí koríko, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ ṣé, mà," ó ní. "Ẹ ṣé tí ẹ gbà mí sílé."