Ìkòkò Ọtí Mallye Tí Kò Dákẹ́

Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó gun òkè lọ sílé Mallye, kó gbé etí lé ìkòkò náà fúnra rẹ̀. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni a ó ṣe sọ ọ́.

Nígbà ìkórè ni Dokchil, ọkọ rẹ̀, gbé apẹ̀rẹ̀ àjàrà igbó kan wálé. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ní òun ń padà lọ kó ìyókù. Kò wálé mọ́. Abúlé wá a títí. Dòjé rẹ̀ pàápàá, wọn ò rí i.

Àjàrà kì í dúró de ẹni tó ń sunkún. Mallye fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó da ṣúgà sí i, ó fi bébà àti okùn de ẹnu ìkòkò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Bí òjò wínníwínní lórí ewé ló ń dún.

Ọtí àjàrà kì í hó ju oṣù kan lọ. Eléyìí wọ oṣù kẹta. Yìnyín bo àgbàlá. Àwọn ìkòkò yòókù dákẹ́ bí òkúta. Òun nìkan ló ń dún.

Mallye ò lè jókòó. Bó bá gbálẹ̀ díẹ̀, á jáde lọ gbé etí lé e. Bó bá gbé ìrẹsì kaná, á tún jáde. Lójoojúmọ́ ló ń bu ìrẹsì Dokchil sínú abọ́, á dé e, á fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó níbi tí ooru iná tí à ń dá sábẹ́ ilẹ̀ yàrá ti ń mú jù, bí a ti ń ṣe fún ẹni tó pẹ́ lọ́nà.

Manho, ẹ̀gbọ́n Dokchil, wá wò ó.

"Ìyàwó, ta ló ń jẹ ìrẹsì yìí?"

"Bí ilẹ̀ bá mọ́, ajá á jẹ ẹ́."

"Ajá yẹn ti sanra jù mí lọ." Kò rẹ́rìn-ín. "Jẹ́ ká sẹ́ ọtí yìí, ká fi tẹ́ tábìlì oúnjẹ òkú fún àbúrò mi. Ebi á máa pa á níbi tó wà."

"Ọtí ṣì ń hó, Ẹ̀gbọ́n."

"Ìwọ àti ọtí."

"Ọjọ́ tó bá dákẹ́, n ó tẹ́ tábìlì. Mo ṣèlérí."

Manho gbé etí lé ìkòkò. Ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. Ó bá ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹfà tí Manho lọ, Mallye ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Etí rẹ̀ ṣófo: ìkòkò ti dákẹ́.

Ìlérí ni ìlérí. Ó ránṣẹ́ pe Manho. Manho gbé tábìlì dé, pẹ̀lú àbẹ́là méjì àti ẹja gbígbẹ. Mallye bu ìrẹsì òkú, èyí tí à ń ki ṣíbí bọ̀ láàárín. Ó ku ọtí. Wọ́n jáde.

Okùn ẹnu ìkòkò wà bó ṣe so ó. Ó tú u.

Ṣiri àjàrà kan léfòó lórí ọtí. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ìrì wà lára rẹ̀. Dòjé ló gé ìdí rẹ̀, ó dagun sí òsì. Ọlọ́wọ́ òsì kan ṣoṣo ló wà lábúlé yẹn.

"Ta ló ṣí i?" ni Manho wí.

"Ẹ wo yìnyín. Ipa ẹsẹ̀ àwa méjì nìkan ló wà níbẹ̀."

Mallye fi ọwọ́ tẹ ṣiri náà sínú ọtí. Ó dè é padà. Wọ́n wọlé.

"Ki ṣíbí bọ̀ ọ́, ìyàwó."

Ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ìrẹsì náà títí. Ó gbé ọmọrí, ó dé e, ó sì tì í sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Lóde, níbi ìkòkò, òjò wínníwínní bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ojú ọ̀run mọ́ kedere.

Manho fẹ́ àbẹ́là pa. Ó na ẹja gbígbẹ náà sí i.

"Fi èyí sí i," ló wí. "Dokchil kì í jẹ ìrẹsì lásán."