Ẹran Tó Kún Èrìgì Àwáwù

Ọmọ náà kú ní ọjọ́ kejìdínlógójì tí a bí i. Ó mu ọmú ní àárọ̀. Kí oòrùn tó dé àtàrí, ara rẹ̀ ti gbóná janjan, kí wọ́n sì tó rí ọ̀kadà tí yóò gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti dákẹ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Muhydeen ni orúkọ rẹ̀, òun nìkan sì ni ọmọ tí Àmúdà, àgbẹ̀ oníkajú ní Ìwéré-Ilé, bí láti ọdún mọ́kànlélógún tó ti gbé ìyàwó. Nọ́ọ̀sì ní ibà ni. Ṣùgbọ́n ibà ń ṣe àwọn ọmọ mìíràn ní àdúgbò náà, wọn kò sì kú. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì kò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Misturat, ìyàwó kejì, ló bí ọmọ náà. Àwáwù, ìyáálé rẹ̀, ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò sì bímọ rí.

Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí wọ́n ń ṣàdúrà, Àwáwù la ẹnu láti ṣe àmín. Iwájú rẹ̀ gan-an ni Ìyá Ramlah, ẹ̀gbọ́n Misturat, jókòó sí. Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn.

“Ìyáálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ẹnu yín là kí n rí i.”

Gbogbo ilé ló mọ ẹnu náà. Èrìgì Àwáwù ti fà kúrò lára eyín láti ọdún pípẹ́, ó sì fi ihò dúdú kékeré onígun mẹ́ta sílẹ̀ láàárín eyín iwájú rẹ̀, níbi tí èèpo ẹ̀wà máa ń há sí. Ihò kò sí mọ́. Ẹran ti kún ibẹ̀, ó ń dán bí ti ọmọdé.

“Ẹran ta ni ó wà níbẹ̀ yẹn?” ni Ìyá Ramlah béèrè.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti bá àwọn ọlọ́kadà ká ìgboro. Wọ́n ní ẹyẹ kan ké lórí igi kajú ẹ̀yìnkùlé ní ọjọ́ tó ṣáájú ikú ọmọ náà. Ọkùnrin kan tó wà ní oko ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn sọ pé òun náà gbọ́ ọ.

Àwáwù mọ ibi tí ẹran náà ti wá, ohun tó sì pa á lẹ́nu mọ́ gan-an nìyẹn. Nínú ilé Àmúdà, obìnrin tó dàgbà jù ló ń jẹ dàbínù lẹ́nu, tó sì ń fi kan àjà ẹnu ọmọ tuntun ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Nígbà tí oyún Misturat hàn, Ìyá Ramlah fi ṣe àwàdà pé, ṣé ẹnu onífèrèsé yìí ni yóò jẹ dàbínù fún ọmọ àbúrò òun? Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àwáwù náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín.

Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun ń lọ kí ẹ̀gbọ́n òun ní Ìbàdàn. Rùkáyàt, ọmọ ẹ̀gbọ́n náà, ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ dókítà eyín. Dókítà kọ́kọ́ fọ eyín Àwáwù mọ́. Lẹ́yìn náà ni ó fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa jẹ́ẹ̀lì funfun kan, tó ń mú kí ẹran kún ihò, sínú èrìgì rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì wà láàárín wọn. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, Àwáwù jẹ dàbínù náà láìfi ọwọ́ bo ẹnu; ọmọ ni gbogbo ojú ń wò, kò sí ẹni tó ṣàkíyèsí èrìgì rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Ìyá Muhydeen Àgbà.

Ní báyìí, bí ó bá ní òun kì í ṣe àjẹ́, yóò ní láti sọ pé òun fi oògùn sí ẹnu tí òun fi jẹun fún ọmọ. Àti pé, bí jẹ́ẹ̀lì náà bá jò sínú dàbínù ńkọ́? Kò sí ẹni tó lè bi tí gbogbo ilé kò ní gbọ́.

Wọn kò gba omi lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ìyá Ramlah fi àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà ìta kí Àwáwù má baà jáde. Nígbà tó yá, Àmúdà lọ pe Àáfà Ràmọ́nì, Àáfà sì gbé Kùránì wá. Ó ní kí Àwáwù búra pé kò sí ohunkóhun ní ẹnu òun ju ohun tí Ọlọ́run dá mọ́ òun.

Àwáwù na ọwọ́, ó sì fà á padà. “N kò lè búra.”

Misturat ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè.

“Ìyáálé mi, kí ni mo ṣe yín?”

“Irọ́ ni ìbúra náà yóò jẹ́, Ìyàwó. Ohun kan wà ní ẹnu mi.”

Ó wá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Àmúdà pe Rùkáyàt, ó sì ṣí ohùn fóònù sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Ọmọbìnrin náà ní inú ẹran èrìgì ni jẹ́ẹ̀lì náà wà, kò lè bá oúnjẹ jáde, kò sì lè pa ọmọ. Ìyá Ramlah ní ọmọ ẹ̀gbọ́n Àwáwù ni, kí ni wọ́n fẹ́ kí ó sọ?

Àáfà béèrè bóyá jẹ́ẹ̀lì náà yóò wà níbẹ̀ títí láé.

“Rárá o, Bàbá. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa yọ́. Ó lè tó oṣù mẹ́fà, ó lè tó ọdún kan. Ara kálukú ló mọ tirẹ̀.”

Àáfà dá ẹjọ́ lójú ẹsẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan Àwáwù, kí ẹnikẹ́ni má lé e. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, òun yóò máa wo ẹnu náà. Bí ẹran náà bá lọ fúnra rẹ̀, òótọ́ ni Àwáwù sọ. Bí kò bá lọ, kí Àwáwù má dá òun lẹ́bi nítorí ohun tó bá tẹ̀lé e. Títí di ìgbà náà, kò gbọdọ̀ jáde.

Àkókò kajú dé, ó sì kọjá. Láti inú yàrá ni Àwáwù ti ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń ṣà á. Ní àràárọ̀ ni ó ń wo dígí, tó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ihò tí òun sá fún padà wá. Lọ́jọ́ kan, ó gbé orín sí èrìgì náà láti fi ha á, ó sì tètè sọ ọ́ nù: bí wọ́n bá rí ojú ọgbẹ́, wọn yóò ní òun ló dá ihò náà lu. Oṣù márùn-ún kọjá, kò sí ohun tó yí padà. Ìyá Ramlah ti ń ka ọjọ́.

Ní Jímọ̀ kan nínú oṣù kejọ tí wọ́n ti sé e mọ́lé, Àáfà mú dàbínù mélòó kan wá, ó fún un ní ọ̀kan kí ó jẹ ẹ́. Ó tan tọ́ọ̀ṣì. Láàárín eyín méjì iwájú lókè, èèpo dàbínù há sínú ihò dúdú kékeré kan.

Ó pe àwọn obìnrin wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Ramlah wò ó pẹ́, ó sì wá bàtà rẹ̀ láti máa lọ. Misturat ló wọlé kẹ́yìn, oyún oṣù márùn-ún wà nínú rẹ̀. Ó ṣẹ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ó di àgbọ̀n ìyáálé rẹ̀ mú, ó sì rọra yọ èèpo náà.

“Ẹ má padà lọ fi abẹ́rẹ́ sí i mọ́, Ìyáálé mi,” ni ó wí. “Bí èyí bá dé, ẹnu onífèrèsé yìí náà ni ẹ ó fi jẹ dàbínù rẹ̀.”

Àmúdà ti ṣí àgádágodo. Ẹnu ọ̀nà wà ní gbayawu. Àwáwù wo ikùn ìyàwó náà, ó wo dàbínù tó ṣẹ́kù ní ọwọ́ Àáfà, ó rántí èyí tí ó jẹ fún Muhydeen, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé.