Ojú Ihò Tuntun Lára Kọ̀ǹpútà Alfa

Oṣù ààwẹ̀ ni Tolúwalàṣẹ kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ó gbé báàgì dúdú kọ́ èjìká, ó sì bèèrè kọ̀ǹpútà tí ara rẹ̀ kò yá. Mo ní ara rẹ̀ yá. Ojú ihò rẹ̀ ni kò tó. Ó rẹ́rìn-ín. Títí di òní, mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín náà.

Alfa Saifudeen ni bàbá mi, wáàsí wọn sì wà nínú kọ̀ǹpútà náà. Àwọn ènìyàn a máa mú fíláàṣì wá kí á lè kó wáàsí sí i fún wọn. Ojú ihò USB tó ṣì ń ṣiṣẹ́ kò pọ̀. Máòsì gba ọ̀kan, kíbọ́ọ̀dù gba ọ̀kan, fíláàṣì oníbàárà kan ṣoṣo ló ń rí ààyè lẹ́ẹ̀kan. Àwọn àgbàlagbà tó ń gba ààwẹ̀ á tò sínú oòrùn, ẹni tó bá sì ní ẹbí Alfa ni òun á kọjá lọ síwájú wọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì nígbà náà, n kò lè wo irú ìrẹ́jẹ bẹ́ẹ̀ kí n dákẹ́. Èmi ni mo yọ bàbá mi lẹ́nu títí wọ́n fi ránṣẹ́ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ náà láti Ògbómọ̀ṣọ́.

Tolúwalàṣẹ ní òun yóò fi káàdì kan kún inú rẹ̀, ojú ihò mìíràn yóò sì yọ lẹ́yìn. Ó yọ wáyà iná, ó ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí náà. Kó tó mú káàdì, ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin àpótí. Mo bi í pé kí ló ń tọrọ lọ́wọ́ irin.

“Iná díẹ̀ máa ń wà lára ènìyàn,” ni ó wí. “Bí n kò bá kọ́kọ́ sọ ọ́ kalẹ̀, ó lè ba káàdì jẹ́.”

“Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Tiwa kì í jó nǹkan.”

“Ti ọmọ Alfa ti ń jó mi láti ìgbà tí mo ti wọlé.”

Èmi náà fọwọ́ kan irin àpótí náà.

Ó ti káàdì bọ àyè rẹ̀, ó dè é, ó sì tan kọ̀ǹpútà. Ó yọ fíláàṣì tirẹ̀ láti fi dán ojú ihò tuntun wò. Àwa méjèèjì kò rántí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí bàbá mi so mọ́ kọ̀ǹpútà náà, tí wọ́n gbé síta. Èmi fúnra mi ni mo ṣètò rẹ̀ pé ohunkóhun tó bá wọlé kó máa sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, kí wáàsí má baà pẹ́. Ni orin ẹgbẹ́ akọrin Onítẹ̀bọmi bá bú jáde sójú títì, bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣe àlùwàlá fún ìrun Alaasari.

Àbúrò bàbá mi, Ismaheel, wọlé tòun ti búta lọ́wọ́, wọ́n bèèrè ẹni tó gbé ṣọ́ọ̀ṣì wọ ilé Alfa. Bàbá mi jáde láti yàrá ẹ̀yìn, wọ́n tẹ́tí díẹ̀.

“Obìnrin tó ń lé orin yìí ní ohùn,” ni wọ́n wí. “Ẹ yọ ọ́.”

“Màmá mi ni, sà,” ni Tolúwalàṣẹ dáhùn jẹ́jẹ́.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí kò fi ṣe àwáwí láti padà wá. Lónìí eruku ni, lọ́la wáyà ni. Mo tẹ̀ lé e dé Ìrẹsà, níbi tó ti lọ tún kọ̀ǹpútà ilé-ìwé kan ṣe, a sì jókòó lábẹ́ igi kaṣú títí oòrùn fi rọ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé òun fẹ́ràn mi. Nígbà tó mú mi dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá rẹ̀, Màmá Leah, bi mí pé ṣé ìlà-oòrùn ni mo máa ń kọjú sí, kí wọ́n lè tẹ́ ẹní ìrun fún mi. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn.

A pinnu láti fẹ́ra, ṣùgbọ́n bàbá mi kò lè so yìgì ọmọ wọn fún ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Ismaheel ló wá ọ̀nà àbáyọ.

“Kó ṣáà fi ẹnu lásán sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rí tí wọ́n fi ń di Mùsùlùmí. Bó bá dé Ògbómọ̀ṣọ́ tán, ta ló máa tẹ̀ lé e lọ?”

Màmá Leah gbà, wọ́n ní Olúwa mọ inú ọmọ òun. Inú gbogbo ilé dùn. Bàbá mi nìkan ló ń wo ilẹ̀. Inú bí mi. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é káàkiri àdúgbò wa: ọkọ á jẹ́rìí ẹ̀sìn ní Sátidé, á wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè, gbogbo ènìyàn á sì ṣe bí ẹni pé Ọlọ́run kò rí wọn.

Mo bá Tolúwalàṣẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń kọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rí náà sórí.

“Ṣé o gbà á gbọ́?” ni mo bi í.

“Ìwọ ni mo gbà gbọ́, Safu mi.”

“Èmi kọ́ ni wọ́n ń bi ọ́ léèrè, olólùfẹ́ mi. Bí o bá lè purọ́ fún Ọlọ́run nítorí mi, báwo ni màá ṣe mọ ọjọ́ tí o bá ń purọ́ fún mi?”

“Gbogbo ayé ló ń ṣe é.”

“Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.”

Ó ní kí n wá sí ẹ̀sìn tiwọn nígbà náà. Mo ní irọ́ kan náà ni yóò jẹ́ lẹ́nu tèmi. A sunkún papọ̀, a sì fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà sílẹ̀.

Mo rò pé bàbá mi yóò yìn mí. Wọn kò yìn mí. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. “Safurat, ọmọ mi, èmi ìbá ti gba ẹ̀rí náà lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnu lásán ni.”

Mo sin Tolúwalàṣẹ dé ibùdókọ̀. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ní kí n jẹun, kí n má sì máa bá gbogbo ènìyàn jà. Bí ọkọ̀ ṣe fẹ́ gbéra, ó yọjú, ó ní kí n bá òun kí Alfa, kí n ní òun dúpẹ́.

Mo ní màá jíṣẹ́. N kò tíì jẹ́ ẹ.