Ẹni Tó Lọ Pe Àwọn Tó Ń Rẹ Pákó

Ìjẹ̀bú-Òde ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, lọ́sàn-án gangan, lójú ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà ṣì wà láyé. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọn ò ní bá yín jiyàn. Wọ́n á ní òótọ́ ni.

Hanifah ni orúkọ obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wádìí àwọn kẹ́míkà tó lè ba ìlera ọmọ èèyàn jẹ́, kí ìjọba lè kéde wọn pé eléwu ni. Oògùn kan tí wọ́n ń pò mọ́ omi nílé ìlagi ló gbé e wá sí Ìjẹ̀bú. Òun ni wọ́n fi ń rẹ pákó kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti dán an wò lára eku, àwọn eku náà ò sì ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó fẹ́ ṣèpinnu lórí ọ̀rọ̀ náà ní àwọn gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tó ń ṣe fún èèyàn, lẹ́nu àwọn tó ń lò ó. Ọjọ́ ìjókòó gbangba nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni ò bá wá, ó parí nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó wá.

Hanifah ti jókòó síwájú láti àárọ̀. Ibẹ̀ náà ló ti kírun ọ̀sán, lójú gbogbo èèyàn. Ọ̀gbẹ́ni Ṣíjúadé, alága ìgbìmọ̀, wo aago.

"Hanifah, ó jọ pé wọn ò ní wá."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún wọn láyè díẹ̀ sí i."

Ó mọ ohun tó dá wọn dúró. Ẹni tó nilé ìlagi ti kìlọ̀: ẹni tó bá lanu, kó má padà wá síbi iṣẹ́. Nígbà tí Hanifah lọ sílé àwọn òṣìṣẹ́ náà, ṣe ni wọ́n yọjú wò ó lójú fèrèsé, tí wọ́n sì tilẹ̀kùn mọ́rí.

Fóònù rẹ̀ dún.

"Màdáàmù, Fálolú tó ń rẹ pákó ni, láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Mo ti wà lórí ọ̀kadà. Mo ń bọ̀."

"A dúpẹ́ o, bàbá. Ta ló wá pè yín?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi. Ẹ ní ẹ fẹ́ ya Ìmùṣin."

Hanifah gbé fóònù sílẹ̀. Fóònù tún dún. Ọpẹ́yẹmí ni, láti Ìmùṣin.

"Àǹtí, ẹ ò dúró dè mí."

"Ibo ni mo gbà?" Hanifah bi í.

"Ọ̀nà Òde. Ẹ ní ẹ fẹ́ padà wá jókòó sáyè yín."

Hanifah wo àga tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà.

Jẹnẹrétọ̀ kú. Fáànù rọra yí, ó dúró. Gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Wọ́n gbọ́ tí ọkọ̀ kan dúró níta. Wọ́n gbọ́ bàtà lórí sìmẹ́ńtì. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Hanifah di àga rẹ̀ mú.

Kọ́tìnì ká.

Àsíátù ni, àgbà obìnrin tó ń fọ àwọn àgbá oògùn náà. Òun nìkan ni. Ó rẹ́rìn-ín sí Hanifah.

"Ẹsẹ̀ rẹ mà yá o, ọmọ mi. A jọ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ báyìí ni, o ti jókòó."

Alága wo Hanifah.

"Màmá," Hanifah ní, "kí ni mo sọ fún yín?"

"O ò sọ púpọ̀. O di ọwọ́ mi mú, o ní kí n wá fi hàn wọ́n. Mo ní mi ò mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ. O ní ọwọ́ náà á sọ ọ́."

Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí tábìlì. Ìka funfun, èékánná ti re. "Bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ gún un, mi ò ní mọ̀."

Fálolú dé. Ọpẹ́yẹmí dé. Àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn títí àga fi kún. Wọ́n sọ ti ikọ́, wọ́n sọ ti ojú tó ń ṣú, kò sí ìbẹ̀rù lẹ́nu ẹnì kankan. Nígbà tó yá, alága yọ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú.

Kí ọdún tó parí, ìjọba kéde oògùn náà ní eléwu, wọ́n sì fi òfin dè é. Wọ́n kó àwọn àgbá rẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni ò pàdánù iṣẹ́. Àsíátù sọ pé ọwọ́ òun ti ń mọ omi gbígbóná yàtọ̀ sí tútù.

Awakọ̀ tó gbé e wá lọ́jọ́ náà dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀: obìnrin méjì lòun gbé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan pe Hanifah láti Òdògbolú. Kò mọ ohùn náà rí.

"Àǹtí, Azeemah ni. Ìpara tó ń bó wa lára, tẹ́ ẹ wá bi mí lánàá. Mo ti ṣetán. Màá sọ̀rọ̀."

Hanifah ò tíì dé Òdògbolú lọ́dún yìí. Ó fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ẹnìkan lẹ́yìn obìnrin náà tó ń rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, ó sì mọ ẹ̀rín náà: tirẹ̀ gan-an ni.

Ó na ọwọ́ mú báàgì rẹ̀.

"Ẹ dúró dè mí," ó ní. "Mo ń bọ̀."